Òwìwí Orí Owó Fàdákà

Bí mo bá sọ fún àwọn èèyàn pé mo ti ṣe àtìpó rí, wọ́n á máa retí ìtàn yìnyín àti ọkọ̀ òfúrufú. Abẹ́òkúta ni mo ti ṣe àtìpó tèmi. Láti Kétu wa, tó bọ́ sábẹ́ Faransé nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀, ọ̀nà náà kò jìn rárá. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti yàtọ̀, tí sójà ń béèrè ìwé lójú ọ̀nà, tí ẹni tí ẹ jọ ń sọ Yorùbá ń fi ohùn rẹ rẹ́rìn-ín, àjò ni o.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé kò ṣòro ó sọ. Ọkọ mi kú, n kò sì tíì bímọ fún un. Nígbà tí a ṣọ̀fọ̀ tán, àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó, wọ́n ní kí àbúrò rẹ̀ ṣú mi lópó. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé bó bá ń jẹun, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́, ìyàwó méjì sì ti wà nílé tó ń gbọ́ ọ. Mo ní n kò fẹ́. Wọ́n ní kí n lọ rò ó dáadáa. Mo rò ó dé Abẹ́òkúta.

Ìgbà náà ni àwọn sójà Nàìjíríà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, náírà sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa fi ń rọ́ wá. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni àpáta. Ilẹ̀ pupa tó tẹ́jú la ní ní Kétu. Níbí, wọ́n ń sá aṣọ sórí àpáta, wọ́n ń sá láfún sórí àpáta, àwọn kan tilẹ̀ kọ́lé ti àpáta tó fi di ara ògiri yàrá wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kọsẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó mọ ìlú.

Ìtòkú ni mo gba yàrá sí, nílé Ìyá Ríṣí, ìyá mùsùlùmí kan tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ nílé wọn láti ayé ìyá ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ará Dàhọ̀mì ni ọ́?”

“Ará Kétu ni mí, mà.”

“Kétu ò sí ní Dàhọ̀mì ni? Ṣé o ò tọ́jú idà sínú ẹrù yẹn? Ẹ ti wá bá wa jà níbí rí o.”

“Ẹ̀yin lé wọn lọ, mà. Àwa ni wọ́n wá jó nílé.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kí n wọlé, pé ẹni tí òun àti ẹ̀ jọ ní ọ̀tá kan náà, ẹbí òun ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ṣe nǹkan tí kò tọ́, ogun Dàhọ̀mì ló máa ń pè é. Bí mo bá da omi nù, ogun ti dé. Bí mo bá jí pẹ́, ogun ti sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń bá a ṣiṣẹ́ àdìrẹ. A óò tẹ́ páànù tí wọ́n ti gé àwòrán sí lára sórí aṣọ, a óò fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀, ibi tí ẹ̀kọ bá lẹ̀ mọ́ kò ní mu aró. Ọ̀kan nínú páànù Ìyá Ríṣí ti ya díẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ, gbogbo aṣọ tó bá sì ti abẹ́ rẹ̀ jáde ló ní àpá náà. Ó kọ́ mi láti fi í mọ aṣọ wa lọ́jà. Àmọ́ ó fi ìkìlọ̀ kan kún un.

“Máa wo ibi tí ẹ̀kọ ti ṣàn kọjá àyè ẹ̀. Páànù kan náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ò lè fa ẹ̀kọ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tó o bá rí aṣọ méjì tí ẹ̀kọ ti ṣàn síbì kan náà gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ayédèrú ni. Má rà á.”

Ìyá Ríṣí náà ló bá mi wá iṣẹ́ àárọ̀. Bàbá Tíṣà, tó ń gbé ní Ìgbẹ̀in, ń wá ẹni tí yóò máa dáná, tí yóò sì máa tún ilé ṣe fún òun. Bàbá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Èdè Látìnì àti èdè Gíríìkì ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sí ìdí iṣẹ́ wọn, ilé náà sì dákẹ́ jù fún ẹni tó fi ogójì ọdún pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí n gbé àpótí pẹlẹbẹ kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun wá sí pálọ̀, kí n ṣí i, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Mo ṣí i. Owó fàdákà ló tò sínú rẹ̀ lórí òwú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀, pẹ̀lú bébà kékeré lábẹ́ wọn. Mo tẹjú mọ́ ọn. Òwìwí ló ń wò mí. Òwìwí mẹ́ta, olójú rogodo, nínú ilé bàbá arúgbó tó ń dá gbé! Mo fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sà.”

“Lọ síbo?”

“Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sà. Bẹ́ ẹ bá sì gbé oúnjẹ fún mi lójú oorun, mi ò ní jẹ ẹ́.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní owó tí wọ́n ń ná ní ìlú Áténì ni, ó ti ju ẹgbàá ọdún lọ, nígbà tí òun wà lọ́mọ ilé-ìwé ní ìlú òyìnbó ni òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn ará Gíríìkì ka òwìwí sí ẹyẹ ọlọ́gbọ́n.

“Àfi bí kò bá ké mọ́ wọn lórí òrùlé rí sà,” mo wí.

Ó wá fi ọ̀kan mìíràn sí mi lọ́wọ́, ó nípọn, ó sì wúwo. Mo wò ó, mo sì pariwo lẹ́ẹ̀kejì, ti ayọ̀ ni tọ̀tẹ̀ yìí. Ìjàpá ni! Ìjàpá wa yìí gan-an, ó gbé ẹ̀yìn sókè, ó na ọrùn bí ẹni tó ti jí nǹkan jẹ tó ń yọ́ lọ. Bàbá ní erékùṣù kan ló ni owó náà, pé owó ọ̀hún ló pẹ́ jù nínú gbogbo èyí tí òun ní. Mo bi í pé ta ló sọ ìtàn Ìjàpá fún wọn lọ́hùn-ún. Ó ní ìbéèrè tó dára ni, òun kò sì mọ̀. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rò ó pé mo lè pẹ́ ní ìlú yìí.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà ojú tèmi ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Bí mo bá ti fọ abọ́ tán láàárọ̀, yóò fún mi ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, yóò ṣí ìwé ńlá kan tí àwòrán owó kún inú rẹ̀, a óò sì máa wá ojúgbà owó tirẹ̀ nínú ìwé náà. Ó ṣàlàyé fún mi pé alágbẹ̀dẹ ló ń gbẹ́ àwòrán sínú irin, tí yóò gbé fàdákà lé e, tí yóò fi òòlù lù ú. Irin kan lè lu ẹgbẹ̀rún owó. Bí irin náà bá ya, ilà yóò hàn lára gbogbo owó tó bá lù lẹ́yìn náà. Mo ní páànù àdìrẹ nìyẹn. Ó wò mí, ó ní òun kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn owó Kọ́ríńtì wà níbẹ̀, Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí, ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ ló wà lára wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ilà tín-ín-rín lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kan. Mo wo èkejì, ilà náà wà níbẹ̀. Irin kan náà ló lù wọ́n! Ogún ọdún ni Bàbá ti ní àwọn méjèèjì, ó sì rà wọ́n ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dìde, ó jó láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pariwo “Ìbejì! Ìbejì!” títí aládùúgbò fi wá béèrè ẹni tó bímọ. Mo ti gbọ́ ìyìn rí láyé mi, lórí ọbẹ̀, lórí aṣọ fífọ̀. Ìyìn ọjọ́ náà yàtọ̀, ara mi ni mo fi gbọ́ ọ.

N kò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Lọ́jọ́ Iléyá, ilé Ìyá Ríṣí máa ń kún fún ẹbí, wọn a máa ki ara wọn lóríkì bí wọ́n ti ń wọlé, olúkúlùkù pẹ̀lú ti baba rẹ̀. Wọn a fún mi ní ẹran tó pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tó wà nínú agbo ilé náà, kò sí ẹni tó mọ oríkì tèmi. Mo máa ń ki ara mi nínú yàrá, jẹ́jẹ́, kí wọ́n má baà rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ̀rín á tún pa mí, màá jáde lọ bá wọn jẹ ẹran.

Bàbá ń wá owó kan lójú méjèèjì. Òwìwí kan wà nínú ìwé ńlá náà tó ní ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń wá ìbejì rẹ̀, èyí tí irin kan náà lù. Ó ní bí òun bá rí i, òun ti rí ohun tí òun tìtorí rẹ̀ wá sáyé. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má lọ gbọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ ń mú, Bàbá lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́rin, lọ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́ ṣèpàdé. Mo nu ilé, mo nu fèrèsé, ọwọ́ mi dilẹ̀. Mo wá rántí àwọn owó náà, bí gbogbo wọn ti dúdú. Ní Kétu, bí fàdákà ìyàwó bá dúdú, ilé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú la fi ń fọ̀ ọ́. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin, mo ku eérú, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo sì fọ owó mẹ́jọ, mo ń kọrin. Wọ́n ń dán yinrin. Mo rò ó bí inú Bàbá yóò ti dùn tó, inú tèmi sì dùn ṣáájú tirẹ̀. Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bàbá dé, ó jẹun, ó ní kí n gbé àpótí wá. Ó ṣí i. Ó jókòó.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni sà. Mo fi kí yín káàbọ̀ ni.”

Ó mú ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ ojú. Kò pariwo, ìbá sàn kó pariwo.

“Àwọ̀ dúdú yẹn, ó ju ẹgbàá ọdún lọ tó ti ń wọ̀ ọ́. Òun ni ẹ̀rí ọjọ́ orí ẹ̀. Ìwọ wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó o láàárọ̀ ọjọ́ kan.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Màá fún ọ ní nǹkan tó o máa mú dání. Ṣùgbọ́n tí oṣù yìí bá parí, kó o máa lọ sílé yín.”

Mo bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, òun kò bínú. Ẹni tó bá ní òun kò bínú báyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Mo mọ ohun tó dúró dè mí. Iṣẹ́ àdìrẹ kò lè bọ́ mi, nítorí aṣọ kàm̀pálà ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ nígbà náà, Ìyá Ríṣí fúnra rẹ̀ ń rọ́jú ni. Bí n kò bá ní ilé Bàbá, Kétu ni, bó bá sì ti jẹ́ Kétu, àbúrò ọkọ mi ni.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mo ti ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn tó ń ná ọjà Ìlárá ní ẹnubodè pé kó dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu láàárọ̀ Tọ́sìdeè. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ wa l'Ábẹ́òkúta pe Èkó, Èkó pe Kùtọnú, Kùtọnú pe Kétu. Èkó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Kùtọnú ń sọ Faransé, wọ́n sì ń bínú síra wọn nínú wáyà fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tí ohùn ìyá mi dé, ó ń pariwo bí ẹni tó wà lókè odò.

“Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun?”

“Mò ń jẹun, Ìyá.”

“Àbúrò ọkọ rẹ wá kí mi. Ó gbé iṣu wá.”

“Iṣu mélòó?”

“Mẹ́fà. Àwọn tó tóbi ni.”

“Ẹ sì gbà á, Ìyá?”

“Wọn kì í dá iṣu pa dà.”

“Ìyá, ṣé ẹ ti jẹ ẹ́?”

“Ó kù méjì,” ló wí.

Mo fẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti ní kí n máa bọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà wáyà já. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sunkún díẹ̀, mo ra ẹ̀pà jẹ, mo wá lọ dáná ọ̀sán fún Bàbá.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí oṣù parí nígbà tí dókítà kan dé láti Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá ni nígbà kan, òun náà sì fẹ́ràn owó àtijọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ó gba Áténì kọjá, ó sì ra òwìwí kan níbẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Mo ń gbé tíì wọlé nígbà tó tú u jáde nínú aṣọ ìnujú. Bàbá gbé awò lé e. Ó ṣí ìwé ńlá.

“Dókítà,” ó wí jẹ́jẹ́, “ìbejì ẹ̀ nìyí.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ràn ẹ̀ sà. Tẹ́ ẹ bá fún mi ní Ìjàpá, mo fi í sílẹ̀ fún yín.”

Bàbá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti mú Ìjàpá jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Ó wá pè mí, bí ẹni pé ó gbàgbé pé ó ti lé mi.

“Wá fi ojú rẹ wò ó. Má fọwọ́ kàn án o.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo wo ìwé, mo wo owó. Etí owó inú ìwé já díẹ̀ lápá òsì. Ti Dókítà náà já níbẹ̀. Ẹnìkan ti fi irin ṣá ti inú ìwé lórí láyé àtijọ́. Wọ́n ṣá ti Dókítà náà síbẹ̀, bó ti gùn tó nìyẹn. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òwìwí, ó wà lára àwọn méjèèjì. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́, irin ló fà á, ó yẹ kó bára mu. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi òòlù lu owó méjì tí etí wọn yóò já síbì kan náà? Ta ló lè ṣá méjì bákan náà?

“Ilà náà ńkọ́?” Bàbá béèrè.

“Ó wà níbẹ̀ sà.”

Ojú rẹ̀ tàn bí ọjọ́ Ìbejì ẹṣin. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, èrò burúkú wọ inú mi. Bí mo bá dákẹ́, bàbá yìí yóò láyọ̀. Ẹni tó láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè gbàgbé ọsàn wẹ́wẹ́, ó lè ní kí n dúró. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti tàbùkù àlejò, mo ti ba ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá jẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà ti na ọwọ́ sí Ìjàpá.

Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fún wọn.”

“Kí ló dé?”

“Ó bára mu jù sà. Ilà nìkan ló yẹ kó bára mu. Bí aṣọ méjì bá jáde lábẹ́ páànù kan, ibi tí ẹ̀kọ ṣàn sí kì í dọ́gba. Èyí dọ́gba. Etí ẹ̀, ibi tí wọ́n ṣá, ihò ẹ̀. Wọn ò lù ú sà. Wọ́n dà á ni.”

“Kí ni ọmọ ọ̀dọ̀ mọ̀ nípa owó Gíríìkì?” Dókítà wí.

“Dákẹ́ ná,” Bàbá wí.

Ó mú owó náà, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi èékánná fa etí rẹ̀ yí ká, díẹ̀díẹ̀. Ó dúró níbì kan. Ó tún fà á. Ó mú ọwọ́ Dókítà, ó fi ìka rẹ̀ síbẹ̀ kí òun náà lè mọ̀ ọ́n lára: ojú ibi tí abala méjì amọ̀ ti pàdé nígbà tí wọ́n da fàdákà yíyọ́ sínú rẹ̀. Dókítà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀, ó sì ṣe mí láàánú. Ó mu tíì tó ti tutù, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá dá Ìjàpá pa dà sí ihò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ara mi pé ó tán.

Ní ọjọ́ tí oṣù parí, mo ti di ẹrù mi sílẹ̀ ní Ìtòkú. Ìyá Ríṣí kò mẹ́nu ba ogun Dàhọ̀mì rárá ní àárọ̀ yẹn. Mo dé Ìgbẹ̀in, mo dáná, mo fọ abọ́, mo wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ láti dágbére. Bàbá ń kọ lẹ́tà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní ìlú òyìnbó tí wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn lórí owó àtijọ́ láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́.

“Ibi mélòó ló ti bára mu?” ó béèrè láìgbójú sókè.

“Mẹ́ta sà, yàtọ̀ sí ilà.”

Ó kọ ọ́.

“Bàbá, oṣù parí lónìí sà.”

“Mo mọ̀.” Ó ṣì ń kọ. “Ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé ojú mi ti lọ. Ó máa béèrè ẹni tó bá mi rí i, mo ti kúkú kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Kí lẹ kọ sà?”

Ó gbé bébà náà súnmọ́ ojú, ó wá ibẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ọmọbìnrin mi, tí a jọ ń gbé ilé yìí, ló rí i.” Ó sọ bíírò sílẹ̀, ó kọjú sí mi. “Àbí irọ́ ni mo pa?”

Mo ronú kan ẹrù mi tí mo dì sílẹ̀ ní Ìtòkú, pé ó ku kí n lọ gbé e wá síbí.

“Ẹ ò parọ́ sà,” mo wí, mo sì wọ kíṣìnì lọ, lọ wo ohun tí a máa jẹ lálẹ́.